Ọ̀já Kẹta

Eré olórin márùn-ún la wò lálẹ́ Sátidé tó kọjá ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kò sì sí èyí tó ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtàgé ló kọ gbogbo wọn, látorí ọ̀rọ̀ dórí orin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni owó ìwọlé. Àga oníke ni wọ́n tò fún wa. Kíbọ́ọ̀dù kan, gángan kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àgídìgbo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn ilé débi pé wọ́n ní láti ti fèrèsé apá ibẹ̀ pa nínú ooru yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ eré ti jókòó ní kíláàsì mi rí; èmi ni mo kọ́ ọ ní dò-rè-mí ní girama. Òun ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n wá ojú yín tì níbẹ̀." Mo tètè dé.

Ohun tí mo ń wá nínú eré olórin kò pọ̀. Mo fẹ́ kí orin ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá lanu kọrin lórí ìtàgé, nǹkan gbọ́dọ̀ ti yí padà kó tó pa ẹnu dé: kó ti pinnu, kó ti tú àṣírí, kó ti bínú, tàbí kó ti dárí ji ẹnì kan. Eré tó gùn lè fara da orin tí wọ́n kàn kọ torí pé ó dùn létí. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irú orin bẹ́ẹ̀ á jẹ eré náà run.

Àwọn tó ṣáájú ní àyè ju báyìí lọ. Hubert Ògúǹdé, tó bẹ̀rẹ̀ eré olórin nínú ìjọ Aládùúrà l'Ékòó ní 1944, máa ń fi opening glee ṣí eré, pẹ̀lú orin, ijó àti ìkíni, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìtàn bá parí, wọ́n á tún fi closing glee dé e. Àwọn èèyàn ti fi gbogbo alẹ́ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ àgbà nìyẹn, ọmọdé kò lè wọ̀ ọ́ kó má ṣubú. Inú mi dùn pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí tó gbìyànjú ẹ̀. Iná tàn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ṣíwájú, inú mícrà, takisí kékeré, ló ti ṣẹlẹ̀. Àga mẹ́rin, síárìn kan lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, Ìwó Road la wà. Dẹ́rẹ́bà ń ké "Dùgbẹ̀, ó ku ẹnì kan! Dùgbẹ̀, ó ku ẹnì kan!" bí a ṣe ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, gángan gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí a tó mọ̀, igbe ti di orin. Obìnrin kan wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Ọkùnrin kan wọlé tẹ̀ lé e, wọ́n rí ara wọn, kálukú kọjú sí fèrèsé. A ò tíì mọ ohun tó wà láàárín wọn. Dẹ́rẹ́bà ní kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wọn o, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n dé Dùgbẹ̀, kò ní ṣéńjì lóòótọ́, ló bá na ẹ́ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kan sí àwọn méjèèjì, ó ní òun ti so wọ́n pọ̀, kí wọ́n lọ pín in. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé tọkọtaya ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ilé wó fún ẹ̀rín! Àwọn méjèèjì wá dúró létí títì, wọ́n di owó náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, wọ́n ń fi ohùn igbe dẹ́rẹ́bà kọrin ohun tó kù tí wọn ò tíì pín. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Eré kejì dá lórí opó kan àti àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ gba ilé. Ọmọbìnrin tó ṣe opó náà ní ohùn tó lè mú kí ara ta gìrì, orin rẹ̀ sì gùn, ó dùn, èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ibi tí opó wà kó tó kọrin, ibẹ̀ náà ló wà nígbà tó parí. Ó ti sunkún kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ó sunkún nínú orin, ó sì tún sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ń ka èyí: ẹ jẹ́ kó rí ìwé ilé nínú ẹsẹ kejì. Ẹ jẹ́ kó rántí ohun kan tí ọkọ rẹ̀ sọ. Ohùn yẹn tọ́ sí iṣẹ́ tó ju ẹkún lọ.

Ìkẹta, àwọn ọmọbìnrin méjì ń dúró de èsì JAMB lórí fóònù kan ní Agbowó, ó pani lẹ́rìn-ín. Ìkẹrin, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, nípa ìlà gígùn ní báńkì. Ìgbà tí ìtàn yóò fi bẹ̀rẹ̀, àkókò ti lọ.

Ti ọmọ kíláàsì mi yẹn ló kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ló ṣe ohùn orin, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀.

Ìyá kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì sì ń pín aṣọ inú àpótí rẹ̀. Wọ́n ń jà lórí sányán kan. Ẹ̀gbọ́n ní òun lòun tọ́jú màmá ní gbogbo ìgbà àìsàn, àbúrò ní owó òun ni wọ́n fi ra oògùn. Bí wọ́n ṣe ń tú aṣọ jáde ni orin ń sọ ibi tí wọ́n ti ra á àti òde tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ, ègbè kan náà ló ń tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, àgídìgbo sì ń lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá kan ọ̀já. Ọ̀kan jẹ́ kíjìpá aláró, ẹ̀gbọ́n rántí pé òun rí àbúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn màmá. Ìkejì wà nínú fọ́tò àtijọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ló wà nínú ìyẹn. Ìkẹta funfun, wọ́n ká a pọ̀ dáadáa sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àbúrò kọrin: "Èyí la fi pọ̀n yín." Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn: "Èyí la fi pọ̀n ọ́." Àwọn méjèèjì wá jọ gbé ìkẹta sókè: "Ta la fi èyí pọ̀n?"

Àwọn tó bí mi mọ̀ pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ. Wọn á ní kí ìyá gbé ẹnu kúrò níbẹ̀, kó má sunkún, kó má baà ṣe àwọn tó kù níbi. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ lórí ìtàgé, ó wá ń rántí díẹ̀díẹ̀ nínú orin: ọjọ́ tí wọ́n ní kó lọ ṣeré nílé kejì, ọjọ́ tí màmá ti ọsibítù dé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Tí ó bá ti sọ ọ̀kan tán, ìbéèrè yẹn á tún padà. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá kan tó jókòó níwájú mi ti ń gbe ègbè, àwọn obìnrin mìíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọrin. Àwọn ọmọ ìyá náà kò gba sányán mọ́. Wọ́n fi wé ọ̀já funfun náà, wọ́n dá a padà sínú àpótí, wọ́n sì ń bá pínpín lọ. Mo sunkún, mi ò sì nu ojú mi.

Lẹ́yìn eré, mo bi ọmọ kíláàsì mi náà léèrè bí wọ́n ṣe rí ohùn ìbéèrè náà. Ó ní ìjà ló bí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé ìparí rẹ̀ lọ sí dò òkè, torí pé nínú eré àwọn òyìnbó tó máa ń wò, bí wọ́n bá ń béèrè nǹkan, ohùn á gòkè. Òun wá sọ fún ọ̀rẹ́ náà pé ẹnu wa máa ń wálẹ̀ níbẹ̀, pé bí ó bá gòkè, kò sí ìyá kan nínú gbọ̀ngàn tó máa gbọ́ ohun tí à ń béèrè. Wọ́n bínú síra wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e wá sí sò ìsàlẹ̀, ohun tí a gbọ́ nìyẹn, tí àwọn obìnrin sì mọ̀ ọ́n kọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àárín ìjọ ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ orin ìsìn, ohùn òyìnbó ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá, a sì ń kọ wọ́n títí dòní láìgbọ́ ohun tí a ń sọ tán. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ l'Ékòó, gbé ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì ti fi orin tirẹ̀ hàn pé ohùn orin lè tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ kó sì dùn. Ó wú mi lórí pé àwọn ọmọ méjì tí wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tún ń jà sí i.

Ohun tó ń dùn mí ni pé alẹ́ kan péré ni. Ẹni tó bá gun òkè Mọ́kọ́lá díẹ̀ sí i á rí Cultural Centre tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀. Nwoko yìí kan náà ló ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olórí ẹgbẹ́ eré olórin, ṣe eré Ọ̀mùtí ní Arts Theatre ti Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ògúnmọ́lá ti lórúkọ kó tó débẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n fún un ní àyè, ìtàgé àti ẹni tó mọ ọ̀nà. Ìbàdàn ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ní gbọ̀ngàn, ẹni tó ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kí wọ́n tún un ṣe, kí opó yẹn rí ẹsẹ kejì rẹ̀ kọ.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ọmọ kíláàsì mi náà fún mi ní orin ọ̀já náà ní dò-rè-mí kí àwọn ọmọbìnrin mi ní SS2 kọ ọ́ ní ìparí táàmù tó ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé mà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀rẹ́ mi, àwa méjèèjì la ni ín." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i, ilé ẹ̀kọ́ á san án.