Ṣé Báyìí Ni Ìwọ Náà Ṣe Rí I?

Ọjọ́bọ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan ni Màámi sọ láàárọ̀ yìí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá oorun á lè kùn mí.

Mo fi àwòrán òru àná hàn wọ́n lórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà tí mọ́tò tó ń yí tẹlisíkóòpù mi tẹ̀ lé ìràwọ̀ ti ń dà mí láàmú mọ ohun tí àwòrán yìí jẹ́ fún mi. Orion Nebula ni, ìkùukùu gáàsì àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà gbalaja, ó pọ́n bí ẹyín iná, ìràwọ̀ mẹ́rin tó wà láàárín rẹ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Màámi gba fóònù, wọ́n gbé e jìnnà sójú díẹ̀, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé báyìí ni ìwọ náà ṣe rí i?"

Mo ní, "Rárá, mà. Kámẹ́rà ló rí i."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n dá fóònù padà fún mi.

"Ó dáa" yẹn ni o. Wọn ò sọ ọ́ láti fi bù mí kù, mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n béèrè, mo dáhùn, ọ̀rọ̀ parí. Lọ́dọ̀ tèmi ni kò ti parí.

Òru àná fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Àwòrán 94 ni mo yà, kámẹ́rà la ojú fún ìṣẹ́jú kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ba 17 jẹ́, ó ku 77. Sátẹ́láìtì fa ìlà kọjá nínú bíi mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìyẹn rọrùn láti yọ tí mo bá ń to àwòrán léra lórí kọ̀ǹpútà kí gbogbo wọn di ẹyọ kan. Ìrì ò yọ mí lẹ́nu. Iná ẹ̀yìn ilé aládùúgbò ńkọ́? Ẹ ti mọ̀, ó ń tàn bí ìṣe rẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbèjà ara mi lọ́kàn. Ó yẹ kí n ti ṣàlàyé fún wọn pé ojú èèyàn kì í kó ìmọ́lẹ̀ pamọ́. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ báyìí, òun náà ló rí. Kò lè fi ti ìṣẹ́jú tó kọjá kún un. Kámẹ́rà ní tirẹ̀ dà bí agbada tí wọ́n gbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, títí yóò fi kún. Ìṣẹ́jú 77 ìmọ́lẹ̀ ló wà nínú ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́ yẹn. Ó yẹ kí n sọ pé pupa yẹn kì í ṣe ọ̀dà tí mo kùn ún. Ìmọ́lẹ̀ gáàsì háídrójìn ni, ìgbì rẹ̀ gùn tó nanometer 656.3, ibẹ̀ ló wà bí ẹnikẹ́ni ń wò ó, bí ẹnikẹ́ni ò wò ó. Inú òkùnkùn ni apá ojú wa tó ń mọ àwọ̀ kì í ti í ṣiṣẹ́, òun ló fà á tí a ò fi í rí i.

Gbogbo rẹ̀ òótọ́. Kí ló dé tó fi ń dún létí mi bí àwáwí?

Nítorí pé èmi náà mọ̀ pé nígbà tí mo to àwọn 77 yẹn léra tán, dúdú ni wọ́n jáde. Dúdú, pẹ̀lú ìràwọ̀ díẹ̀. Èmi ni mo jókòó tì í tí mo ń fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí mo ti dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ló ti tẹ́ mi lọ́rùn ni. Ẹlòmíràn ì bá fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pupa jẹ́ ti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n bí pupa náà ṣe tó, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ìròyìn ò tó àfojúbà, Màámi fẹ́ràn òwe yẹn. Èwo wá ni àwòrán yìí nínú méjèèjì?

Lọ́sàn-án, inú tiẹ̀ bí mi díẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, dókítà tó fi ẹ̀rọ ya egungun tó ṣẹ́, ta ló ń bi í bóyá òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí i? Mo sì rántí Andrew Ainslie Common. Henry Draper ló kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya Orion Nebula, ní 1880, ṣùgbọ́n Common ni mo fẹ́ràn jù, nítorí inú ọgbà ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ealing, nítòsí London, ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, iṣẹ́ ẹnjiníà ló sì fi ń jẹun. Àwọn àwòrán tó yà ní 1883 gbé ìràwọ̀ jáde tí ojú lásán kò rí, àní kó wo inú tẹlisíkóòpù kan náà. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ọkùnrin náà ti wo ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ òru, dígí tí wọ́n fi oògùn pa lójú, tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà, wá rí ohun tó kọjá ojú rẹ̀. Ó wù mí kí n mọ ohun tó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màámi ò sọ pé irọ́ ni. Wọn ò sọ pé kò dáa. N ò mọ ẹni tí mò ń bá jà.

Bí mo ṣe ń fọ abọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ni ó tó yé mi ibi tó ti ń dùn mí. Ìgbà wo ni mo fi ojú sí tẹlisíkóòpù yẹn kẹ́yìn? Mo rò ó, n ò rántí. Ṣáájú kí n tó ra kámẹ́rà ni. Ibi tí kámẹ́rà wà, ibẹ̀ gan-an ni lẹ́ǹsì tí èèyàn ń gbójú lé ń wà tẹ́lẹ̀. Ẹnu kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀, wọn ò lè jọ wà níbẹ̀. Lánàá, ohun náà wà lókè orí mi fún wákàtí kan àtààbọ̀, èmi sì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, mò ń wo ìlà tó ń sọ fún mi bóyá mọ́tò ṣì ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ dáadáa. Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó ti rìn bíi 1,300 ọdún dé ẹnu ọ̀nà, kámẹ́rà ló lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo ṣì rántí bó ṣe rí sí mi nígbà àkọ́kọ́ o. Kò ní pupa kankan. Àwọ̀ eérú ni, ó fẹ́ jọ ewé díẹ̀, bí èémí tí èèyàn mí sára dígí. Tí mo bá wò ó tààrà, á sá. Tí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí kò kà á sí, á padà wá tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. N kò lè gbé ìyẹn lé fóònù fún ẹnikẹ́ni. Kò wuyì tó ti àná, ká sọ òótọ́. Àmọ́ ara mi gbọ̀n lọ́jọ́ náà, lánàá ara mi kò gbọ̀n.

Mi ò sọ pé mò ń fi kámẹ́rà sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé sí mi. Mo ṣì fẹ́ dín yanrìn ojú àwòrán yẹn, àwọn tóótòòtó tí kì í jẹ́ kó mọ́ lójú, kù sí ìdajì, ìyẹn sì ń béèrè ìlọ́po mẹ́rin ohun tí mo ní, òru mẹ́ta sí i bíi ti àná. Mo máa ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé…

Mo ti tú kámẹ́rà kúrò báyìí. Mo wá lẹ́ǹsì àtijọ́ rí nísàlẹ̀ àpótí, mo nù ún. Màámi gbúròó mi, wọ́n yọjú.

"Kí lò ń tú lálẹ́ yìí?"

"Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó fúnra yín, mà. Ṣùgbọ́n kò ní pọ́n o. Bíi kùrukùru ni."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé mi ò ní dúró pẹ́?"

"Rárá, mà. Mo máa gbé àga síbẹ̀."

Wọ́n ní tó bá ti yọ kí n jí àwọn.

Ojú ọ̀run ṣú. Mo ti yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ìràwọ̀ kan hàn lápá ìlà oòrùn lẹ́ẹ̀kejì, ìkùukùu sì tún bò ó. Àga ti wà níta.