Ní Apo, Mọ́tò Kì Í Kú

Bí ará ilé bá gbọ́ pé ẹnì kan nílùú ọba fẹ́ gbé mọ́tò tó ṣì ń rìn fún àwọn tó ń fọ́ mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ṣé owó ti wá pọ̀ lọ́wọ́ yín tó yẹn ni? Ẹ ò ṣe fi ránṣẹ́ sí wa ní Kubwa?" Ó máa ń dunni, torí pé àìlówó gan-an ló ń mú ọ̀pọ̀ wa gbé e dà nù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti "ẹ fi ránṣẹ́". Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì mọ́tò ibí wà, Nàìjíríà sì ti kúrò lórí wíwa mọ́tò lápá òsì títì láti 2 April 1972. Ẹni tó bá gbé e wálé á sanwó ọkọ̀ ojú omi, á sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù, á tún wá ẹni tó máa gbé sítíárì, pẹ́dà, dáṣíbọ́ọ̀dù àti wáípà sọdá sí òdìkejì. Kí ló dé tí kò kúkú ra tòkunbọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ní Abuja?

Ti Abuja, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mọ́tò yọnu, ó di ọgbà mẹkáníìkì Apo tàbí Kugbo. Rewire, panel beater àti ẹni tó ń ta páàtì wà lójú kan, owó iṣẹ́ kì í sì í wọ́n tó owó páàtì. Kò sí ohun tí wọn ò lè tú lára mọ́tò kan fi sára òmíràn, ìdí nìyẹn tí mọ́tò kì í fi í kú níbẹ̀. Ìwé road worthiness, tó ń fi hàn pé mọ́tò yẹ lójú títì, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní 2 October 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ pé VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò, ò láṣẹ láti dá mọ́tò dúró lójú títì tàbí láti gbà á. Ó wá kù sọ́wọ́ onímọ́tò láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kóun fi mọ́tò náà sílẹ̀.

Ìgbà wo ló tó? Ooru ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù níbẹ̀. Fáànù á kú, mọ́tò á máa gbóná nínú gósìló Nyanya, mẹkáníìkì á yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, dà nù "kó lè máa tutù", á sì da omi lásán sí radiator. Thermostat ọ̀pọ̀ Toyota, ní nǹkan bí 82°C ló ń ṣí. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ lójú ọ̀nà jíjìn, á máa mu epo. Nínú gósìló, á ṣì máa gbóná, torí pé fáànù tó fa wàhálà ò tíì ṣiṣẹ́. Omi lásán á sì máa mú radiator dípẹtà. Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ ooru ní dáṣíbọ́ọ̀dù bá kan H, tí dírẹ́bà ní kóun ṣáà dé Lokoja ná, top gasket, ìyẹn ohun tó dí àárín ẹ́ńjìnnì àti top (orí ẹ́ńjìnnì), ti jó nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, kí mọ́tò tó gbóná rárá. Ẹ ṣí radiator, ẹ kún un dé ẹnu, kí ẹnì kan sítáàtì. Bí omi bá ń hó fọ́ọ̀ láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ọ́ìlì ìdí ọmọrí ẹ́ńjìnnì dà bí kókó tí wọ́n bu mílíìkì sí, gasket ni. Kí wọ́n tó fi tuntun sí i, ẹ ní kí wọ́n fi irin gbọọrọ wọn ojú top. Tó bá ti wọ́ ju 0.05 mm lọ, kí wọ́n gbé e lọ fá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún jó. Ẹ ní kí wọ́n wọn compression, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ní ihò plug kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rẹlẹ̀, kí wọ́n ro ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí i, kí wọ́n tún un wọ̀n: tó bá gòkè, ring ara píísítìnì ló ti jẹ, bí kò bá gòkè, ti fálùfù tàbí gasket ni. Ring tó ti jẹ, pẹ̀lú gíà tó ń fà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ tún kọ gbogbo owó àtúnṣe oṣù méjìlá sílẹ̀. Ẹ yọ táyà, bíréèkì, ọ́ìlì àti bátìrì kúrò, mọ́tò tuntun náà ń jẹ wọ́n. Bí ìyókù bá tó ìdajì iye tí oníṣòwò máa san fún mọ́tò náà lónìí, ó tó. Mo ní lónìí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á ní 2019. Láti June 2023 tí wọ́n ti tú naira sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, tòkunbọ̀ àti páàtì jọ gbówó lórí ni. Ẹni tó bá fi owó ìgbà yẹn ṣe òṣùwọ̀n á tà á lọ́pọ̀, owó náà ò sì ní ra òmíràn.

Nílùú ọba níbí, wákàtí ni mẹkáníìkì ń tà. Ẹ jẹ́ ká ní gáréèjì ń gba £70 ní wákàtí kan, tí top gasket sì gba wákàtí mẹ́wàá: £700 nìyẹn, VAT á gbé e dé £840, a ò tíì ra páàtì. Mọ́tò ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún lè má tó £1,000 lọ́jà. Kò sí mẹkáníìkì tí èèyàn lè pè lọ́sàn-án Sátidé pé "Bọ̀dá, ẹ gbà mí", kó wọ kẹ̀kẹ́ dé, kó gba díẹ̀ lónìí, kó gba ìyókù ní ìparí oṣù. Ìyẹn dùn mí ju òtútù lọ.

Mọ́tò tó bá ti pé ọdún 3, ọdọọdún ló ń wọ MOT, àyẹ̀wò tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún un bóyá ó yẹ lójú títì. Owó àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju £54.85 lọ, ohun tí wọ́n bá rí ló ń pani. Ojú táyà tí jíjìn rẹ̀ kò bá tó 1.6 mm, mọ́tò já. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù máa ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò, tó bá sì jẹ ẹ́ dénú nítòsí ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́, ó di ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Bí wọ́n bá kọ "dangerous" sí ìwé, èèyàn ò gbọdọ̀ wà á lọ sílé. Gbogbo èsì MOT wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà mọ́tò lè kà á. Ta lèèyàn fẹ́ purọ́ tà á fún?

Àyẹ̀wò yìí ń bí mi nínú, síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo dúró ṣe níbí, ó wà lára ìdáhùn mi: ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lójú títì, bí mọ́tò rẹ̀ bá ti ju ọdún 3 lọ, ó yẹ kí ẹnì kan ti yẹ bíréèkì rẹ̀ wò láàárín ọdún kan. Ẹ wo àwọn tírélà ọ̀nà Lokoja.

Níbí, ẹni tó bá wá gbà pé ó tó, ilé ìfọ́mọ́tò tó ní ìwé àṣẹ ló ń gbé e lọ. Wọ́n á gba V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti fọ́ ọ, òun náà á sì sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀. Bí kò bá sọ, owó ìtanràn lè tó £1,000. Wọn kì í ka káàṣì séèyàn lọ́wọ́, òfin irin àlòkù ti 2013 ò gbà á, inú báǹkì ni wọ́n ń san án sí. Owó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló sì ń bá lọ.