Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun tí mo kọ́ nípa títún ohùn orin ṣe nínú yàrá

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi tún orin kan ṣoṣo ṣe. Èmi ni mo hun orin náà, èmi ni mo kọ ọ́ sínú máìkì nínú yàrá mi, èmi náà ni mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ nígbà tí ilé bá ti pa lọ́lọ́. Ìlù rẹ̀ gún régé. Ohùn mi ni kò bá a mu: ó ń dún bí ohùn ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Mo fi plugin kan sí i, ìyẹn ètò kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn ṣe, mo wo fídíò, mo tún fi òmíràn sí i. Kí n tó mọ̀, plugin mọ́kànlá ti wà lórí ohùn kan ṣoṣo.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pa mọ́kọ̀ọ̀kànlá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá gbé ohùn tí n kò tíì fọwọ́ kàn sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú èyí tí mo ti tún ṣe, kí ọ̀kan má baà pariwo ju èkejì lọ. Mo gbọ́ eléyìí, mo gbọ́ tọ̀hún, mo tún padà sí eléyìí. Èyí tí n kò fọwọ́ kàn ló dùn jù. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára púpọ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ohun tó ti ń tàn mí jẹ ni pé plugin kọ̀ọ̀kan ń gbé ohùn sókè díẹ̀, etí sì máa ń gbà pé ohun tó bá pariwo jù ló dára jù. Láti ọdún 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìró, ti fi hàn pé bí ohùn bá rọlẹ̀, etí wa kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti téńté rẹ̀ dáadáa. Bí a bá ti yí i sókè, ìsàlẹ̀ á kún, òkè á tàn, a ó sì rò pé a ti ṣe nǹkan. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fi sórí ohùn, ẹ kọ́kọ́ mú un dọ́gba pẹ̀lú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ṣèdájọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìwà mìíràn tó gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe tó yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí yàrá, torí ibẹ̀ ni orin mi ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo dúró sí àárín yàrá mi, mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Mo gbọ́ “pá”, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ro “ṣììn” tẹ̀lé e. Ohùn tó lu ògiri tó ń padà bọ̀ nìyẹn. Bí mo bá kọrin, ohùn mi á wọ máìkì, á tún lu ògiri, á sì padà wọ máìkì lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá tó kéré jọjọ. EQ kankan, ìyẹn ohun èlò tó ń bu ìsàlẹ̀, àárín tàbí òkè ohùn kù tàbí kún un, kò lè yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ohùn mi kan náà ni, ó kàn pẹ́ dé ni. Compressor á tún sọ ọ́ di ńlá: bó ṣe ń tẹ ibi tó pariwo mọ́lẹ̀ tí ẹ sì ń gbé gbogbo rẹ̀ padà sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo ògiri ń bá a gòkè.

Mo ti kọ́kọ́ ra àwọn fóòmù tín-ín-rín kan, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri tó wà níwájú mi. Wọ́n gbé “ṣììn” yẹn lọ, wọ́n sì fi ìkùnsínú ìsàlẹ̀ sílẹ̀, nítorí fóòmù tín-ín-rín kì í lè gba ohùn tó wà nísàlẹ̀ mú. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kúbùsù mẹ́ta tó nípọn tí mo fi kọ́ sí ẹ̀yìn ara mi. Ẹ̀yìn ni mo wí o. Máìkì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, iwájú rẹ̀ ló ń gbọ́, ògiri tó wà lẹ́yìn akọrin ló sì kọjú sí. Mo tún ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi, pẹ̀lú gbogbo aṣọ inú rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: “pá”, ó tán.

Ní ti máìkì fúnra rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni mo máa ń fi sí àárín òun àti ẹnu mi. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ohùn á wú. Bí ẹ bá jìnnà, yàrá á wọlé. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí ẹnu má baà gbá a lójú. Kí ẹ sì má jẹ́ kí iná pupa tó ń sọ pé ohùn ti pọ̀ jù tàn: ní 24-bit (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gba ohùn ní kíkún), bí ibi tó ga jù nínú ohùn bá dé -10 dB (dB ni ìwọ̀n ariwo, 0 sì ni ibi tí ohùn ti ń fọ́), ó ti tó, kò sí ohun tí ẹ pàdánù. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tí a ń gbà á, fífọ́ ló máa wà. Ẹ kọ ọ́ ní ìgbà márùn-ún, kí ẹ ṣa èyí tó dára jù níbẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: kí n fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀ kí compressor tó fojú kàn án. Nínú orin yẹn, mo ní ìlà kan, “Ayọ̀ mi dé bí òjò”. “Ayọ̀” bẹ́ jáde bí ìbọn, nígbà tó sì fi máa dé “òjò”, ohùn ti wọlẹ̀, èémí ti ń tán lọ, ìlù sì gbé e mì. Ẹni tó ń gbọ́ á gbọ́ “Ayọ̀ mi dé bí…” kò sì ní mọ bí kí ni. Mo gé ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Mo fa “ayọ̀” sísàlẹ̀ ní 3 dB, mo gbé “òjò” sókè ní 4 dB. Ọwọ́ mi kò kan EQ, kò kan ohunkóhun mìíràn, ọ̀rọ̀ náà sì dúró gedegbe níwájú ìlù. Ẹ kíyè sí i pé nínú orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó ní ohùn ìsàlẹ̀, pàápàá tó bá wà ní ìparí ìlà, ló sáábà máa ń sọnù báyìí. Wákàtí méjì ni mo fi rìn já gbogbo orin náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ó ní, “Ṣé o tún orin yìí kọ ni?” Mo ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ẹ ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí náà ni.”

Èémí náà ń bẹ. Nígbà kan, mo máa ń gé gbogbo rẹ̀ dànù, orin á wá dà bí ti ẹni tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ fà á wálẹ̀ ní 6 dB, ó tó.

Lẹ́yìn èyí ni EQ. Mo máa ń gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò nínú ohùn mi (Hz ni a fi ń wọn bí ìró ṣe rẹlẹ̀ tàbí ṣe ga tó, 1,000 rẹ̀ ló ń jẹ́ kHz kan), torí ariwo ẹsẹ̀ àti fáànù ló pọ̀ níbẹ̀. Ìkòkò tí mo sọ lókè yẹn, àárín 250 àti 400 Hz ló ń gbé. 3 dB tí mo bù kúrò níbẹ̀ tó. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá dá ohùn nìkan gbọ́. Ohùn tó dùn ní òun nìkan lè rì bí ìlù bá dé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìlù máa lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohùn kò ní àléébù kankan: gìtá ló jókòó sórí àyè rẹ̀ láàárín 2 sí 4 kHz, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń yéni. Ẹ bu 2 dB lára gìtá, ohùn á yọjú.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni compressor rí lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń to méjì tẹ̀ léra: ọ̀kan tó yára, bí 1176 tí Bill Putnam gbé jáde ní 1967, láti mú ibi tó bá ṣàdédé bẹ́ jáde, lẹ́yìn náà ọ̀kan tó rọra ń ṣiṣẹ́, bí LA-2A, láti mú gbogbo ìlà náà tẹ́jú. Ẹ̀dà méjèèjì wà fún kọ̀ǹpútà báyìí. Mo ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ ohùn ní nǹkan bí 3 dB, mi ò sì ń jẹ́ kí ẹyọ kan dá 6 dB gbé. Bí ẹ bá jẹ́ kí attack rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohùn, yára jù, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ á kú, orin á wá dà bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ní ti de-esser, ohun èlò tó ń tẹ ariwo “s” mọ́lẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń kọ. “S” wà lókè, bí 5 sí 9 kHz. “Ṣ” rẹlẹ̀ sí i. Mo ti tẹ “ṣ” mọ́lẹ̀ rí títí ó fi di “s” létí ẹni tó ń gbọ́, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sán yàtọ̀ sí ohun tí a ṣán. Bẹ́ẹ̀ náà ni Auto-Tune, ètò tó ń tún nóòtì ohùn ṣe, tí Andy Hildebrand, onímọ̀ kan tó ti fi ìró wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ rí, gbé jáde ní 1997. Bí ẹ bá mú kó yára, ó máa ń ki ohùn mọ́ orí nóòtì kan, kò sì ní jẹ́ kó yọ́ gòkè. Ọ̀nà tí “ọ̀rẹ́” ń gbà gòkè láti ìsàlẹ̀ á wá di pẹrẹsẹ. Mo máa ń mú un lọ́ra, tàbí kí n fi ọwọ́ tún nóòtì tó ṣìnà nìkan ṣe.

Reverb, ìyẹn ìró yàrá tí a fi ọwọ́ ara wa fi kún ohùn: ẹ fi sí ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀, kí ẹ fún un ní pre-delay (ìdádúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀) bí 30 ms, ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kí ọ̀rọ̀ lè kọ́kọ́ jáde, kí ẹ sì gé ìsàlẹ̀ 500 Hz kúrò lára rẹ̀. Fún delay, ìyẹn ohùn tó ń tún ara rẹ̀ sọ, ẹ fi BPM orin (iye lílù nínú ìṣẹ́jú kan) pín 60,000. Orin tó ń lọ ní 100 BPM, 600 ms ni lílù kan. Mo máa ń dín méjèèjì kù títí n kò fi ní mọ̀ pé wọ́n wà, àfi bí mo bá pa wọ́n.

Ní ìparí iṣẹ́, mo ń yí ohùn sílẹ̀ débi pé èèyàn lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìpariwo. Bí ọ̀rọ̀ orin bá ṣì ń yé mi níbẹ̀, ohùn ti wà ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù, lẹ́yìn fóònù ni ọkọ̀, lẹ́yìn ọkọ̀ ni oorun, torí etí tó ti rẹ̀ kì í sọ òótọ́. Mi ò sì ń fi agbára mú kó pariwo mọ́: Spotify ń mú orin wá sí -14 LUFS (LUFS ni ìwọ̀n bí gbogbo orin ṣe pariwo tó), nítorí náà èyí tí a fún pọ̀ jù, sísàlẹ̀ náà ni wọ́n máa fà á.

Mo padà sórí orin oṣù mẹ́sàn-án yẹn. Mo tún un kọ láàárín kúbùsù àti kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi alẹ́ méjì tún un ṣe. Plugin márùn-ún ló wà lórí ohùn náà báyìí. A sì ń gbọ́ “òjò”, ó mọ́ kedere.