"Gliele" fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú arúgbó n'Ítálì bíi tèmi, ẹ gbọ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ màmá tí mò ń tọ́jú pè mí lórí fóònù, ó ní "Le medicine, gliele hai date?" (àwọn oògùn náà, ṣé o ti fún un?) Bí mo ṣe gbọ́ "gli" báyìí, mo ti rò pé ó ń bi mí bóyá mo ti fún bàbá, torí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì pé "gli" ni "fún un" tọkùnrin, "le" ni tobìnrin. Màmá nìkan ló ń lo oògùn, mo sì ti fún wọn láago mẹ́jọ. Ni mo bá dáhùn wéré pé "No!"

Háà! Obìnrin yẹn já wọlé, ó ń pariwo, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n lanu, ó ti kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sọ́wọ́, ó ti bu omi sí kọ́ọ̀bù, ó ń lọ sọ́dọ̀ màmá. Gbogbo ìtálíánò tí mo gbọ́ fò lọ lórí mi, "già, già" (tẹ́lẹ̀, tẹ́lẹ̀) nìkan ni mò ń wí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Màmá fúnra wọn ló gbà mí: "Me le ha già date!" Ó ti fún mi! Ọmọ wọn gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, kò bẹ̀ mí o. Mo sunkún nínú bálùwẹ̀.

Mo ṣáà padà sídìí ìwé, ó sì yé mi.

Ẹ̀kọ́ kìíní: tí "gli" tàbí "le" bá pàdé lo, la, li, le (àwọn tó dúró fún nǹkan tí wọ́n fúnni), "glie" ni méjèèjì máa dà. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, àwọn èèyàn púpọ̀ ni o, kódà ẹni tẹ́ ẹ̀ ń fi Lei ("ẹ" ọ̀wọ̀ tiwọn) bọ̀wọ̀ fún, glielo náà ni. Ṣé ẹ rí "mo ti fún un" tiwa yẹn? Ta lo fún? Ọkùnrin àbí obìnrin? Kò sọ. Ó yẹ kó tètè yé ọmọ Yorùbá jù gbogbo èèyàn lọ!

Ìkejì, ẹni tó gba nǹkan ló máa ń ṣáájú, mi (fún mi) á di me, ti (fún ọ) á di te: me lo, te la. Tó bá jẹ́ àṣẹ, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra: dammelo (gbé e fún mi).

Ìkẹta ò jìnnà sí ìkíní: "le" tó wà nídìí gliele, oògùn ló ń sọ, kì í ṣe màmá, òun náà ló jẹ́ kí "dato" (fún) di "date". "Glie" ò lè sọ ẹni náà fún yín, ẹ bèèrè! (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò lọ kíláàsì, mo lọ o, B1, ìpele ìtálíánò tí wọ́n ń béèrè fún ìwé ọmọ ìlú ni mò ń kọ́.)

Lánàá ó tún pè, "Gliele hai date?" Mo ní "A chi?" (ta ni?) Ó ní "Alla mamma" (màmá ni). Mo wá ní "Sì, gliele ho date alle otto" (bẹ́ẹ̀ ni, mo ti fún wọn láago mẹ́jọ).