Kí Èsì Tó Dé: Òpin Ọdún Ẹ̀kọ́ ní Kwali àti ní Kétu

Tí oṣù Keje bá ti wọlé, kò sí olùkọ́ tó tún lè rí kíláàsì kọ́ dáadáa ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n á ti kó àga jáde sábẹ́ igi máńgòrò, SS3 á máa ṣe ìdánrawò bí wọ́n ṣe máa tò wọlé lọ́jọ́ ìdágbére, àwọn oníjó ẹ̀yà Gbagyi á máa lu ìlù lẹ́yìn yàrá àwọn olùkọ́, JSS1 tó yẹ kó máa kọ iṣẹ́ mi á sì na ọrùn sójú fèrèsé. Abúlé kan lábẹ́ Kwali ni, ní agbègbè olú-ìlú Àbújá. Faransé ni mò ń kọ́ wọn. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Alákétu wà. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Músíọ̀. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Kútọnu, bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá ti sọdá bọ́dà, Kútọnu ló ti ń bọ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, oṣù Keje ni ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ máa ń dákẹ́ jù. Àwọn tó ní ìdánwò àṣekágbá ti ṣe é ní oṣù Kẹfà, wọ́n ń dúró de èsì. Àwọn yòókù ti gba káàdì, wọ́n ti bá bàbá wọn lọ kórè àgbàdo, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò wa lọ́dún, àgbàdo òjò àkọ́kọ́ sì máa ń gbó lásìkò yẹn. Ní Kwali, òjò kan ṣoṣo ni, láti oṣù Kẹrin lọ sí Kẹwàá, ìgbà tí wọ́n sì ń ro oko iṣu lọ́wọ́ ni oṣù Keje. Oko ń wá ọmọ níbi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní Kwali, ọmọ lè wí fún bàbá ẹ̀ pé òun ní ìdánrawò ijó, kí bàbá sì yọ̀ǹda ẹ̀. Ní Kétu, ta lo fẹ́ wí ìyẹn fún?

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ ló fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Ní CEG tí mo lọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, aago mẹ́jọ àárọ̀ la ń wọlé, a ó jáde ní méjìlá. Ìsinmi wákàtí mẹ́ta. Aago mẹ́ta a tún wọlé, ó di mẹ́fà, nígbà mìíràn ó di méje. Ọmọ tí ilé ẹ̀ jìnnà ò lè máa lọ kó tún máa bọ̀, nítorí náà àwọn tó ti abúlé wá máa ń gba yàrá nítòsí, mẹ́ta mẹ́rin nínú yàrá kan, wọ́n á gbé gàrí àti ìyẹ̀fun àgbàdo ti ilé bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ ọdún méjìlá á máa dáná fún ara ẹ̀. Tó bá ti dáná, tó ti fọ kàkí ẹ̀, nítorí kàkí ni tọkùnrin tobìnrin wa ń wọ̀, ìwé nìkan ló kù. Ìgbà wo ló fẹ́ ráyè eré?

Ní Kwali, aago méjì ọ̀sán ilé-ẹ̀kọ́ ti túká. Àwọn tí ilé wọn jìnnà á fẹsẹ̀ rìn ín. Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú, ti ẹgbẹ́ ni: JETS tó jẹ́ ti àwọn onísáyẹ́ǹsì, press club tó jẹ́ ti àwọn akọ̀ròyìn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àríyànjiyàn, ti eré orí ìtàgé, àti ẹgbẹ́ Faransé tèmi tí ìdajì inú ẹ̀ ń wá nítorí bisikíìtì. Ọwọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí wà. Láti 1973 tí ìjọba ti dá ètò ìsìnrú-ìlú yẹn sílẹ̀, wọ́n ti bú u títí, ṣùgbọ́n ẹ wá wo abúlé wa. Ọmọ Calabar kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fásitì ló ń kọ́ ọmọ Gbagyi bí wọ́n ṣe ń dìde sọ̀rọ̀. Lọ́dún tí wọn ò bá fi àgùnbánirọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ẹgbẹ́ á kàn máa wà lórí ìwé ni.

Ní Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà kan ló ń ṣe ìdájọ́, ìpíndọ́gba gbogbo máàkì, moyenne là ń pè é. Ogún ni máàkì tó ga jù, mẹ́wàá lo sì gbọ́dọ̀ ní kó o tó kọjá. Ẹni tó bá ní mẹ́jọ á padà sí kíláàsì tó ti wà, àbúrò ẹ̀ á sì wá bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ èsì, surveillant wa, ẹni tó ń ṣọ́ ìwà ọmọ, á dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé ńlá kan, á gbé ìka lé orúkọ, á pè é, á sì fi ọ̀rọ̀ kan tì í: ó kọjá, tàbí ó tún un ṣe. Kì í gbójú sókè. A kì í pàtẹ́wọ́, torí bó o bá ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́, orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ ló lè kàn. Eré ìdárayá pàápàá, máàkì ni: wọ́n ń ka eré sísá àti fífò mọ́ àwọn ìdánwò àṣekágbá wa, BEPC àti BAC, nítorí náà pẹ̀lú ẹ̀rù là ń fò.

BEPC la ń ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní girama, BAC lẹ́yìn mẹ́ta sí i. BAC yìí ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù, ó sì ní ìdí. Òun nìkan ni ìlẹ̀kùn yunifásítì. Kò sí JAMB tí o tún máa lọ kọ, o yege BAC, o wọlé. O ò yege, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ará abúlé á di ẹrù lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń kọ ọ́, wọ́n á jókòó láàárín ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí tábìlì. Ní Nàìjíríà, inú ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn gan-an ni àwọn ọmọ ti ń kọ WAEC, ìdánwò àjọ tí Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone àti Gambia jọ dá sílẹ̀ ní 1952, tí Liberia sì wá dara pọ̀ mọ́ ní 1974. Bí WAEC bá já ọmọ, NECO wà. Bí NECO náà bá já a, ó ṣì lè forúkọ sílẹ̀ fún GCE. Lẹ́yìn ìyẹn ni JAMB ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá sọ tẹ̀ ẹ́. Ìlẹ̀kùn pọ̀, kò sì sí èyí tó dá ẹ̀rù ba ọmọ tó bó ṣe yẹ. Ohun tí mo sì ti gbọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń jí ìwé wò láwọn ibì kan, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ń ṣe ìdágbére ní oṣù Keje, èsì WAEC ò tíì dé. Oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń jáde. Ìyẹn ni pé nígbà tí kánópì bá dúró, tí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù ń wọlé, tí wọ́n ń ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yege nínú gbogbo wọn. Pé ọmọ parí ni wọ́n ń yọ̀ sí. Bàbá mi, bó bá rí i, á ní ẹ̀ ń bu ọbẹ̀ tí kò tíì jinná. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ò ní pa adìẹ kan títí orúkọ ẹ̀ á fi hàn lára ògiri, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá hàn, òru ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó máa sùn ládùúgbò.

Lọ́jọ́ tí SS3 bá kọ ìwé tó gbẹ̀yìn, ẹ wá wò wọ́n. Máàkà á jáde nínú àpò, pupa, dúdú, búlúù. Wọ́n á tẹ́ ẹ̀yìn fún ara wọn, wọ́n á máa kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdúrà sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti wọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí kò ṣe iṣẹ́ tí mo bá fún un rí wá kúnlẹ̀ pé, “Músíọ̀, ẹ kọ nǹkan sí i fún mi.” Mo kọ “Bon courage”, ìyẹn ni pé kó ṣọkàn gírí, sí èjìká ẹ̀. Màmá igbákejì ọ̀gá àgbà, ọmọ Kàbà ni wọ́n, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo pé owó ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ń bà jẹ́ yẹn, síbẹ̀ mo rí i tí wọ́n gba máàkà lọ́wọ́ ọmọ kan, wọ́n kọ tiwọn. Kàkí tèmi, àbúrò mi méjì ló wọ̀ ọ́ lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá kọ nǹkan sí kàkí nílé wa, ìyá wa á rí i dájú pé kò tún ní í kọ nǹkan mọ́.

Ọjọ́ àṣà ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọbìnrin Gbagyi á gbé ẹrù wọlé lórí èjìká, nítorí wọn kì í ru ẹrù lórí, ẹnì kan á sì gbé ìkòkò tẹ̀lé wọn nítorí Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán ẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Àwọn ọmọ Yorùbá tiwa ò pọ̀, ọmọ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ àwọn ará Kàbà. Gwagwalada ni wọ́n ti máa ń lọ yá òfì. Ọmọ tó ń jó bàtá láàárín wọn, fóònù ló fi kọ́ ọ, kò dé ilẹ̀ Yorùbá rí.

Èyí tí n kò lè fojú inú rí ní CEG wa láéláé ni ìròyìn ìparí ọdún tí press club máa ń kà lórí àsẹ́ńbùlì. Inú ìwé ẹkísásáìsì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ọmọbìnrin kan láti SS1 ló kà á lọ́dún tó kọjá, ohùn ẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní bòrihóòlù ti padà ń pọn omi. Ó ní àwọn tó lọ ṣe àríyànjiyàn ní Gwagwalada gbé ipò kejì, adájọ́ ni kò gbọ́ wọn dáadáa. Ó ní ewúrẹ́ kan jẹ ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ ní JSS3, ẹni tó ni ewúrẹ́ náà kò sì tíì tọrọ àforíjì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ewúrẹ́ jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn àgbààgbà. Lẹ́yìn náà ló wá pe orúkọ ọmọ SS2 kan tó ti dáwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ dúró. Ó ní wọ́n rí i níbi tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù, press club sì ń bẹ̀ ẹ́ kó padà wá ní oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀gá àgbà wo ilẹ̀. Ní Kétu, ta ló máa gbà kí ọmọ ka irú ìyẹn lójú directeur, ọ̀gá àgbà tiwọn?

Ọmọ Kétu mọ ìwé ju ọmọ abúlé wa lọ, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí àlejò dé, ọmọ Kétu á dojú bolẹ̀, ọmọ Kwali á dìde kí i, á sọ orúkọ ara ẹ̀, á béèrè ìbéèrè. Oṣù Keje ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn. Lọ́dún 2022 a rí ohun tó ń sọ nù bí kò bá sí i. Àwọn agbébọn ń da àgbègbè wa láàmú, wọ́n sì pàṣẹ ní oṣù Keje yẹn pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ní Àbújá tètè parí. Àwọn ọmọ gba ọ̀nà ilé láìsí ijó, láìsí ìròyìn, SS3 ò tilẹ̀ dágbére fún ara wọn. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ parí kí aago mẹ́ta tó lù.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Owó gáùn, owó fọ́tò, owó oúnjẹ. Ìyá tó ń ta àwàrà lẹ́bàá ọ̀nà ò rí i san, ọmọ ẹ̀ á sì wà nílé lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wọ gáùn. Ọmọ ọ̀hún lè jẹ́ ẹni tó máa mókè jù nígbà tí èsì bá dé. Ìyẹn ni mo gbé dé ìpàdé àwọn olùkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá: ẹ jẹ́ ká sún ayẹyẹ sí oṣù Kẹjọ, ká yọ gáùn kúrò, ká yọ̀ fún ẹni tó yege. Màmá igbákejì ni wọ́n dá mi lóhùn. “Kútọnu, ní oṣù Kẹjọ, ta lẹ fẹ́ pè? Àwọn ọkùnrin á ti wà ní Súlèjà níbi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Àwọn obìnrin míì á ti wà nílé ọkọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n máa pè wọ́n jáde lójú ìlú nìyí.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n fi ayẹyẹ sílẹ̀ ní oṣù Keje. Ti gáùn, wọ́n gbà pé kí ẹni tí kò bá lè san wọ yunifọ́ọ̀mù wá, kí wọ́n sì pe orúkọ ẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn. Eré Faransé tí mo ti ń kọ́ JSS2 láti oṣù Karùn-ún ni wọ́n wá gé sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ọ̀rọ̀ alága máa pọ̀. Láti 1996 ni ìjọba Abacha ti ní Faransé di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sì ṣì rí gbà lábẹ́ máńgòrò. Mo ti ń gé ìran kejì kúrò nínú eré náà. Ọmọ tó ń ṣe ọba níbẹ̀ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé.