Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn róbọ́ọ̀tì

Ní FIRST Tech Challenge, ìyẹn ìdíje róbọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdù àkọ́kọ́ nínú eré kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń wa róbọ́ọ̀tì o, kóòdù nìkan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n ti kọ sínú ẹ̀, ló ń darí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá àwọn ọmọ tí mò ń tọ́ sọ́nà ṣètò pé ká to róbọ́ọ̀tì náà pọ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdíje, torí àwọn tó ń kọ kóòdù náà fẹ́ àyè, àbí kí ni wọ́n fẹ́ dán wò tó bá ṣì wà ní túútúú?

Èyí tó le jù fún mi ni kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá kọ̀ tí ò rìn, màá kàn bi wọ́n pé "kí lẹ rò pé ó fà á?", màá wá dákẹ́. Lánàá, ọmọ tó kéré jù ló rí waya tó tú, inú mi dùn gan-an!