Síìlì tó dì jù ló há fáàfù mi

Èéfín búlúù ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí mo bá ṣíná sí ọkọ̀ mi àtijọ́, onísílíńdà mẹ́fà tí wọ́n ṣe fún eré, láàárọ̀, á tú èéfín díẹ̀, á sì mọ́. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, tí mo sì tún tẹ̀ ẹ́, èéfín náà á tún yọ. Bí èéfín bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ríìngì písítìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ gbẹ́sẹ̀ ni, ẹ wo síìlì fáàfù (òrùka kékeré tó ń nu ọ́ìlì kúrò lára ọ̀pá fáàfù) àti gáìdì (ihò tí ọ̀pá náà ń yọ̀ nínú rẹ̀), torí pé ìfà inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ máa ń le gan-an lásìkò yẹn, òun ló ń fa ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá fáàfù wọlé.

Lójú mi nígbà náà, síìlì tó bá dì jù ló dára jù. Mo ra ti PTFE, irú ike líle kan, mo fi sí fáàfù méjèèjìlá. Èéfín dá lóòótọ́. Nígbà tó yá, bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, á máa gbọ̀n bí ẹni pé sílíńdà kan ti dákẹ́. Mo tú tọ́pù sílíńdà. Fáàfù èéfín kan ti há sínú gáìdì rẹ̀, mo sì tiraka kó tó jáde. Ọ̀pá rẹ̀ gbẹ táútáú, ó ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ bíi pé wọ́n fi ìṣó fà á, bàbà gáìdì sì ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí n kò rò nìyí: ìfà ń bẹ lára fáàfù afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n títì ni gáàsì ń ti ọ́ìlì padà sókè lára fáàfù èéfín. Fáàfù èéfín yìí náà ló sì ń gbóná jù. Bí síìlì bá nù ún mọ́ tónítóní, kí ni yóò fi máa yọ̀ nínú gáìdì? Àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tí wọn kò fi síìlì sí fáàfù èéfín wọn rárá láti ilé iṣẹ́.

Nísinsìnyí, síìlì Viton, irú rọ́bà kan, ni mo ń lò. Ó ń fara da ooru tó tó 200°C, nígbà tí rọ́bà nitrile máa ń le, tí á sì ya, bó bá pẹ́ nínú ooru tó ju bí 120°C lọ. Mo fi èyí tó ní sípíríǹgì lẹ́nu sí fáàfù afẹ́fẹ́. Ti èéfín, mo yan èyí tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì díẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n gáìdì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹ tó náwó sí síìlì kankan. Bí fáàfù bá ń mì nínú rẹ̀, ẹnu síìlì á fẹ̀ láìpẹ́, PTFE ló sì burú jù níbẹ̀, nítorí ó le, kò lè máa bá ọ̀pá tó ń mì lọ.

Ẹni tó bá fi káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tó ń gbé fáàfù ga sí i, ẹ tún fara balẹ̀. Ẹ to fáàfù pẹ̀lú sípíríǹgì tó rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí káàmù yóò gbé e dé, kí ẹ wo àlàfo tó kù láàárín ìdí ọmọrí sípíríǹgì àti orí síìlì. Èmi kì í gbà kó dín sí milimítà 1.5. Bí sípíríǹgì bá jẹ́ méjì, ẹ rí i pé ti inú kò fara ha síìlì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi síìlì wọ ọ̀pá fáàfù, ẹ fi ọ́ìlì pa ọ̀pá náà, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ibi tí lọ́ọ̀kì tó ń di ọmọrí sípíríǹgì mú ń jókòó sí. Etí ibẹ̀ mú bí abẹ. Ó lè gé ẹnu síìlì tuntun kí ẹ tó ṣíná rárá.

Mo tún tú tọ́pù náà wò lẹ́yìn tí mo ti wà á dáadáa. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára ọ̀pá fáàfù èéfín kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìka kan ṣoṣo tì wọ́n jáde nínú gáìdì.